Mànàmáná Méje Nínú Fọ́tò Kan

Ìlérí ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi kó má baà fún mi lọ́rùn: ẹ̀rù ń bà mí. Láti ọjọ́ Ajé tí Jẹ̀lílì, awakọ̀ takisí tó ń ná Ọ̀dẹ̀dá sí Ṣàpọ́n, ti fi fọ́tò tí o yà hàn wá lórí fóònù rẹ̀ ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi dáadáa. Mànàmáná méje ni mo kà lórí Òkè Olúmọ. Méje, Ìlérí! Mo fi ìka kà wọ́n, mo tún fi igi ìṣáná kà wọ́n, méje náà ni. Orúkọ rẹ sì wà nísàlẹ̀ fọ́tò náà gàdàgbà. Igbe tí mo kọ́kọ́ ké ni pé, ibo lo dúró sí nígbà tí méje ń já bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Ó dáa, mo kí ọ o, Àṣàkẹ́ mi. Kú iṣẹ́ o, kú òjò, kú làálàá ìgboro. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé onílé rẹ ti dí ojú òrùlé tó ń jò yẹn? Kí ẹsẹ̀ rẹ má ṣíwájú orí rẹ lọ síbikíbi. Àwa náà ń bẹ, bàbá rẹ ń kí ọ, àgbàdo ti yọmọ, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ó sì kọ ọ̀kan, èmi ni mo ń fún un lọ́mú ìgò. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé ojú ọ̀run ò ṣeé gbára lé lọ́sẹ̀ yìí. Tí mo bá pè, tí o gbé e, tí mànàmáná sì ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ, ṣé kì í ṣe èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á sí ọ létí nìyẹn? Mo ti pa fóònù tèmi, mo wé e sínú ìró, mo dé ìkòkò lé e lórí. Ìwé ò lè fa àrá.

Jẹ́ kí n ròyìn ọjọ́ náà fún ọ. Bàbá rẹ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Bí Jẹ̀lílì ṣe na fóònù sí wọn báyìí, wọ́n ju ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú fóònù, wọ́n ní Kábíyèsí! O mọ̀ pé nílé yìí mànàmáná kì í kọ kí a má kí i. Kí wọ́n tó gbórí sókè, ojú fóònù ti ṣú. Bàbá rẹ ní ọba ti gbọ́, ọba ti wọlé. Jẹ̀lílì fọwọ́ kàn án, ó tún mọ́lẹ̀. Bàbá rẹ ní háà, méje ni wọ́n, ọ̀kan péré la kí, ó ku mẹ́fà. Ni wọ́n bá tún lọ sílẹ̀. Fóònù á ṣú, Jẹ̀lílì á fọwọ́ kàn án, bàbá rẹ á tún lọ sílẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún ìbàdí wọn kọ̀, èmi ni mo ń fà wọ́n dìde, ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rín náà sì ń pa mí. Jẹ̀lílì ní ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, fóònù òun kì í ṣe ojúbọ, bátìrì ń lọ, èrò sì wà nínú mọ́tò. Bàbá rẹ ní kí àwọn èrò náà sọ̀kalẹ̀ wá kí ọba. Àwọn mẹ́rin sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́! Obìnrin kan tó gbé adìyẹ lọ́wọ́ kúnlẹ̀ tòun tadìyẹ.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ ni Jẹ̀lílì wá là wá lóye. Ó ní mànàmáná náà ò kọ pa pọ̀. Ó ní o ṣàlàyé fún òun pé ṣe lo ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, tó ń kó gbogbo èyí tó bá kọ láàárín ìgbà náà jọ, bíi gáráwà tí a gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rò. Ìyẹn yé mi, mo kàwé dé Fọ́ọ̀mù Fáìfù, n kì í ṣe ará oko pọ́nbélé. Ṣùgbọ́n òye náà ló wá dá kún ẹ̀rù mi. Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn, kí o máa wo àgbà lójú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá láìṣẹ́jú? Àgbà wo gan-an? Mo dán an wò, mo ní kí bàbá rẹ máa kà, mo tẹjú mọ́ ògiri. Kí wọ́n tó ka méjìlá, omi ti ń dà lójú mi pòròpòrò. Kámẹ́rà rẹ ò lójútì, Ìlérí. Bí òjò bá ṣú, dígí tó wà ní pálọ̀ wa, ṣebí aṣọ ni mo máa ń fi bò ó? Ìwọ wá gbé tìrẹ lọ sórí òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bí Jẹ̀lílì ṣe wí, o ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Ìwọ tó ń jẹ́ Ọyatọ́lá, ọkọ Ọya lo yà ní fọ́tò, o ò sì ránṣẹ́ sí i ṣáájú! Ọba ayé lásán, wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún un láàfin kí ayafọ́tò tó dé, kó lè dé adé, kó jókòó dáadáa. Bóyá kò wù ú kí wọ́n rí òun bẹ́ẹ̀.

Jẹ̀lílì ní Sátidé tó ń bọ̀ lò ń bọ̀ wálé, pé orí àpáta ẹ̀yìn oko wa lo fẹ́ dúró sí láti ya mànàmáná fún ìdíje àwọn ayafọ́tò, àti pé tí tìrẹ bá wọlé, wọn á gbé e kọ́ sára ògiri kí gbogbo Abẹ́òkúta máa wá wò ó. Inú mi dùn, mo jó. Mo jó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká. Lẹ́yìn náà ni mo rántí igi àgbọn.

Bóyá o ò rántí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́, o jókòó sábẹ́ àgbọn, ò ń to òkúta. Mo pè ọ́ kí o wá jẹ ẹ̀kọ. O ò tíì fọwọ́ tán tí àrá fi la igi náà sí méjì. Gbogbo wa dojú bolẹ̀. Ìwọ ńkọ́? O sá padà jáde lọ wò ó. Ẹ̀yìn rẹ ni mo rí, ẹsẹ̀ kékeré méjì tó ń sáré lọ síbi èéfín. Ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé n kò lè dá ọ dúró. N kò sì tíì ṣíwọ́ pípè ọ́ wọlé.

Mo ti wá ro ó dáadáa. Jẹ̀lílì ní igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń gbé kámẹ́rà náà ró, pé rìmóòtù sì wà tí o lè tẹ̀ láti òkèèrè. Ó tán! Kí kámẹ́rà máa dá lọ sórí àpáta, kó lọ dá wo ọba lójú, kí ìwọ wà ní pálọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bàbá rẹ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn á máa bá ọ kí i, torí ọwọ́ rẹ á dí. Àmọ́ àánú kámẹ́rà náà ń ṣe mí o. Tíṣà fíṣíìsì wa sọ pé rọ́bà kì í jẹ́ kí iná kọjá, kò dáa kó dúró lẹ́sẹ̀ lásán. Ra bàtà òjò onírọ́bà, èyí tí àwọn ọmọ kéékèèké ń wọ̀ lọ sílé ìwé, ẹyọ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé méjì méjì ni wọ́n ń tà á. Ẹyọ tó bá ṣẹ́ kù, màá fi gbin ata. Kí o fi owó róòbù ránṣẹ́ pẹ̀lú fún ìbàdí bàbá rẹ, kí o sì tẹ fọ́tò náà jáde sórí páálí gbàǹgbà, kí wọ́n lè rí i kí méjì tó kù láìjẹ́ pé ó ń ṣú mọ́ wọn lójú.

Èmi ìyá rẹ ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ayé á gbọ́ orúkọ rẹ, ìwọ náà á sì wà níbẹ̀ gbọ́ ọ. Iṣẹ́ ojú rẹ ò ní gba ojú rẹ. Ọya á tẹ́ aṣọ rẹ̀ bò ọ́, àrá á mọ̀ ọ́ ní ọmọ onílé.

Jẹ̀lílì tó máa mú ìwé yìí wá fún ọ ti ń fọn fèrè mọ́tò. Èsì ni mo fẹ́, Ìlérí, kó tó kúrò ní Ṣàpọ́n. Kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yìí, má wá bébà mìíràn lọ. Kò gbọdọ̀ gùn. Ṣáà kọ ọ́ pé inú ilé ni wàá wà, kó tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí òjò Sátidé tó ṣú.