Orí Pírìntà Tó Jóná Lọ́wọ́ Mi

Fegge,
Onitsha.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Mùíz, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Àsàlámù àláékùm. Mo kí ọ, mo kí Zàhrát ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Mo gbà pé ara yín le ní Ìsẹ́yìn, àti pé ọyẹ́ ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀. Ara tèmi náà le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, ẹ̀rín rẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́, irọ́ ló sì máa ń jáde lẹ́nu mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Jọ̀ọ́, má fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Má tíì padà sí Onitsha. Pírìntà rẹ tí mo ń sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ti kú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

O rántí ohun tí o sọ lọ́jọ́ tí o gbé e sílẹ̀ ní pálọ̀ mi, kí ẹ tó kó lọ: "Sódìq, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí o bá ti kírun tán, tẹ ojú ìwé kan tó ní gbogbo àwọ̀. Má jẹ́ kí íǹkì sùn sínú orí rẹ̀." Ọdún kan gbáko ni n kò yẹ̀ ẹ́. Bàrákàt ìyàwó mi tiẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti ní ìyàwó kejì tí mò ń tọ́jú ní Jímọ̀ Jímọ̀. Nígbà tí ìyá mi wá kú ní Ìwó, mo dúró di àdúà ogójì ọjọ́. Ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an nígbà náà, n kò sì rántí sọ fún Bàrákàt pé kó bá mi tẹ nǹkan kan.

Nígbà tí mo dé, dúdú kò jáde mọ́, pupa ń jáde ní ìlà ìlà. Mo tẹ bọ́tìnnì tó ń fọ orí náà títí íǹkì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo gbé e lọ bá Obiora tó ń tún pírìntà ṣe ládùúgbò wa. Ó fi àwọn ihò tíntìntín tí íǹkì ń gbà jáde lára orí náà hàn mí, ó ní íǹkì ti gbẹ dí wọn, bí tàdáwà ilé-kéwú wa ṣe máa ń gbẹ. "Oga, na ordinary block," ló wí. "Put am for small warm water. But make e dry two days before you on am. If light meet water for there, e don finish be that."

Ibi tí mo ti hùwà òmùgọ̀ nìyí. Omi Zamzam tí ìyá mi gbé bọ̀ láti Mẹ́kà, ìyókù rẹ̀ ni mo mú wálé láti Ìwó. Mo ní kí ni mo tún ń wá omi mìíràn fún. Mo gbé e kaná díẹ̀, mo ṣe àdúà sí i, mo ki orí pírìntà bọ̀ ọ́. Íǹkì yọ́ lóòótọ́, omi náà dúdú kirikiri. Ọjọ́ kejì bọ́ sí Jímọ̀. Mo sọ fún ara mi pé omi tó ní ìbùkún tó báyìí kò lè ba nǹkan jẹ́. N kò jẹ́ kó gbẹ. Mo tì í padà, mo tan án. Ó dún tàì, òórùn rọ́bà tó ń jó gba pálọ̀, iná pupa sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ẹ̀bi omi kọ́, ẹ̀bi mi ni.

Obiora ní, "No be block again. Inside don burn." Irú orí yẹn kò sí lọ́jà mọ́, àfi tòkunbọ̀ tí òun náà ti dí. Mo wá a dé Omagba, mo wá a dé Oba. N kò rí i.

Ojú ń tì mí, Mùíz. Omi tó kù lọ́wọ́ ìyá mi, àti iṣẹ́ tó kù fún ọ ní ìlú yìí, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi ba méjèèjì jẹ́. O ti ń ka ọjọ́ tí wàá padà wá máa tẹ káàdì ìgbéyàwó, n kò sì lè la ẹnu sọ fún ọ. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ tún un ṣe.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ bọ́. Kó dá àwọn ọmọ sí, kó fi àlàáfíà ṣọ́ ilé rẹ. Bí o bá lè dárí jì mí, dákun dárí jì mí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó dójú tì ọ́,
Sódìq Àdìó.

Àfikún: Mo fẹ́ gbé lẹ́tà yìí fún dírẹ́bà kan tó ń lọ sí Ìsẹ́yìn ni Zàhrát pè. Ó ní o ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, o sì ti wọ mọ́tò láàárọ̀ yìí. O ní kó má sọ fún mi, kó lè jẹ́ ìyàlẹ́nu. Mò ń lọ sí ibùdókọ̀ Upper Iweka báyìí láti pàdé rẹ. Bí o bá ti ń ka ibí yìí, èmi ni mo dúró níwájú rẹ, tí mo di báàgì rẹ mú.