Wọ́n Ní Ọmọ Mi, Ọmọ Ọ̀dọ̀ Ni

Dádì mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi o. Inú ń bí mi, mi ò sì rẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún àfi ẹ̀yin. Bàbá Ìbùkún ní kí n fara balẹ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n máa gbàdúrà. Mo ti gbàdúrà. Inú ṣì ń bí mi.

Ẹ ò dúró gbọ́ ohùn Ìbùkún. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tẹ́ ẹ lọ. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí, iwájú orí yín ló gbé wá, ó sì ń kólòlò. Nílé ìwé tá a kọ́kọ́ fi í sí ní Festac, tó bá dìde láti kàwé, kíláàsì á dákẹ́ dè é, wọ́n á wá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò dìde mọ́. Ìyẹn ni mo fi fiṣẹ́ báǹkì sílẹ̀, tí mò ń kọ́ ọ fúnra mi nílé wa ní ẹ̀sítéètì Raji Rasaki. Ó ti ń kàwé sókè, Dádì. Tí ọ̀rọ̀ bá há mọ́ ọn lẹ́nu, èmi náà á dúró, títí ọ̀rọ̀ á fi jáde.

Ẹ rántí pé nígbà tí mo wà ní kíláàsì yín, ẹ ò jẹ́ kí n pè yín ní Dádì? Tíṣà ni. Tí mo bá ṣì í pè, ẹ ó máa fi bíléèdì gbẹ́ pẹ́ńsùlù ọmọ ọlọ́mọ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ọgbọ́n yẹn ni mo jí lò. Láàárọ̀, tá a bá ti jókòó sídìí tábìlì, Àǹtí ni Ìbùkún ń pè mí, bí àwọn ọmọ ṣe ń pe tíṣà obìnrin. Tó bá di ọ̀sán, mo tún di Mọ́mì.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí àbá òfin kan fi dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀. Wọ́n ní òbí tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ẹ̀ nílé gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tíṣà. Wọn ò tíì fọwọ́ sí i o, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wá ọmọ tí kò sí nílé ìwé ti gbéra. Mi ò ní òfin ò dáa. Àwọn ọmọ kan ń kiri gúgúrú ní Apple Junction lásìkò ilé ìwé, ó sì yẹ kẹ́nì kan béèrè ìdí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan kanlẹ̀kùn wa. Ìbùkún ṣí i, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì ké sí mi.

"Àǹtí, à-à-àlejò dé o!"

Dádì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. L'Èkó yìí, ọmọ wo ló ń jókòó sílé láàárọ̀, tó ń pe ìyá ilé ní Àǹtí, bí kì í bá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀? Obìnrin náà wo ọmọ, ó wò mí, ó ti dájọ́ tán.

"Madam, ìlú wo lẹ ti mú un wá?"

"Ọmọ mi ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín máa ń sọ. Ẹ dákẹ́ ná. Fine girl, má bẹ̀rù. Mọ́mì ẹ dà?"

Ìbùkún lanu. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà há. Obìnrin yẹn ò ní sùúrù. Ó ń kí i ní pẹ̀lẹ́, ó ní òun mọ̀ pé wọ́n ti dẹ́rù bà á. Bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé, ó ní mò ń kọ́ ọmọ lóhun tó máa sọ. Alhaja tó ń ta prófísọ̀n nísàlẹ̀ ló sáré gòkè wá.

"Hàbà! Ẹ ò rí imú wọn ni? Ṣé wọ́n ń yá imú ni?"

Obìnrin náà gbà nígbẹ̀yìn pé ọmọ mi ni. Ẹ̀sùn wá yí padà: tó bá jẹ́ tèmi, kí ló dé tí kò lè dáhùn ìbéèrè kékeré? Ó ní ó hàn pé mi ò kọ́ ọ ní nǹkan kan, pé kí n fi í sílé ìwé kí táàmù tuntun tó wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi gbogbo ayé yín kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ibo lẹ ó ti kọ ọ́ sínú òfin pé kéèyàn ní sùúrù fún ọmọ tó fẹ́ sọ̀rọ̀? Àwọn òbí bíi tèmi ní ká jọ lọ sọ tẹnu wa níwájú àwọn aṣòfin. Màá lọ. Mò ń to ọ̀rọ̀ mi lọ́wọ́, èébú ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, mò ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Mo ti sọ fún Ìbùkún pé kó má pè mí ní Àǹtí mọ́, láàárọ̀ o, lọ́sàn-án o, Mọ́mì ni kó máa pè mí. Ó mi orí pé òun gbọ́. Àmọ́ Mọ́mì yẹn gan-an lọ̀rọ̀ tó há mọ́ ọn lẹ́nu níwájú obìnrin yẹn, kò sì tíì jáde títí dòní. Tó bá fẹ́ nǹkan báyìí, ó máa ń wá dúró ti ẹ̀gbẹ́ mi, á fọwọ́ kàn mí léjìká.

Èmi ọmọ yín tí inú ń bí, tó sì ń ṣàárò yín gidi.