Ẹsẹ̀ Tí Kò Jẹ́ Kí N Jókòó

Ìyá mi,

Ẹ kú àárò wa o. Ọmọ yín ti hu eyín méjì, orí ọmú mi ló sì fi ń dán an wò.

Ẹsẹ̀ mi nìkan ni kò gbọ́ràn. Bí mo bá ti jókòó fọ́mọ lọ́mú, á dà bí pé èèrà ń rìn nínú eegun mi, àfi kí n dìde. Mo rò pé iṣẹ́ aráyé ni, mo gbààwẹ̀ lé e lórí.

Dókítà ní, "Abiyamọ ń gbààwẹ̀? O ò ṣàánú ara ẹ!" Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní fítámínì tí oòrùn ń fún ara ti lọ sílẹ̀, pé ó lè wà lára ohun tó fà á. Oòrùn dà? Níbi iṣẹ́ mi, ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn tí kò ní fèrèsé la ti ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn.

Mo ti ń lo oògùn. Kó tó ṣiṣẹ́, mò ń pọn ọmọ rìn káàkiri yàrá títí á fi sùn, torí kò sẹ́ni tí mo lè gbé e fún. Ẹ̀rù ń bà mí kó má rẹ̀ mí débi tí màá ṣubú tòun tọmọ.

Ẹ bá mi kí àwọn àbúrò mi. Bàbá ọmọ náà kí yín o. Bí ẹ bá pè é tí kò gbé fóònù, ẹ má bínú, iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín.