Bí Mo Ṣe Fi Ará Ilé Wa Han Kọ̀ǹpútà Ọkọ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú làálàá, kú ojú lọ́nà. O kò ní ṣiṣẹ́ bí erin kí o jẹ ìjẹ ẹ̀lírí. Ara wa le, ọkàn wa sì ti balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ojú ìyá rẹ ti dayọ̀.

O ṣáà mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ wa ti kú sójú ọ̀nà nígbà tí mo ń gbé ìyá rẹ lọ síbi tí wọ́n fẹ́ ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú rẹ̀, tí dókítà sì sọ pé bí a bá tún pa ọjọ́ jẹ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mẹkáníìkì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, pàbó ló já sí. Rẹwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ló wá sọ pé kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọkọ̀ tó dàgbà tó báyìí, níbo ló ti kàwé? Àfi bó ṣe yọ àpótí irin pẹlẹbẹ kan jáde lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, kò lójú bíi tèyí tó wà ní ọ́fíìsì rẹ. Ó ní nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ la fi ń mọ irú rẹ̀, torí ọkọ̀ méjì lè jọra bí ìbejì kí kọ̀ǹpútà wọn má bára mu. Ó bá wa rí àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀, tó sì bá ọkọ̀ wa mu, ó ní ó gbọ́n ju ẹ̀gbọ́n lọ.

Ó so ó mọ́ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì kò dún. Ó ní kọ̀ǹpútà tuntun náà kò tíì mọ̀ wá, ó ń rò pé olè ni wá, kí a dúró kí òun lọ mú ẹ̀rọ tí òun yóò fi là á yé e. Ṣé ó yẹ kí àgbàlagbà kàn máa wòran? Mo gbé àga ìyá rẹ sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo pe àǹtí rẹ, mo pe àwọn ayálégbé, gbogbo wa tò, mo ń dárúkọ wa níkọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún kọ̀ǹpútà pé ayálégbé yàrá ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ o, àmọ́ kì í ṣe olè. Nígbà tí rẹwáyà dé, ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ọn, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dún. Ó ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ni kọ̀ǹpútà ń dá mọ̀. Mo gbà fún un, mi ò fẹ́ dójú tì í.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, a dé ilé ìwòsàn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ọkọ̀ kò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n tú ohun tí wọ́n fi bo ojú ìyá rẹ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó wò mí títí, ó ní irun mi ti funfun tó báyìí, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún òun. Mo sunkún, má sọ fún àǹtí rẹ.

Dókítà ní kó máa fi jígí ojú kàwé. Jọ̀ọ́, fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, àmọ́ má fi í gba inú fóònù, torí ìdérí ẹ̀yìn fóònù mi ti já, owó lè bọ́ nù. Ojú rẹ kò ní rí ibi. Ọ̀nà tí o bá gbà kò ní dí mọ́ ọ. Ọmọ tí o bí yóò tọ́jú rẹ bí o ti ń tọ́jú wa.

Èmi ni, bàbá rẹ.

Mo fẹ́ pa ìwé yìí dé ni ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó nà án jìnnà sí ojú, ó sì kà á fúnra rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó ní kí n pa ibi owó yẹn rẹ́, pé ẹrù rẹ ti pọ̀. Mi ò pa á rẹ́. Mo fẹ́ kó fi jígí ka ìwé mìíràn.