Èèrà Tí Mo Tẹ̀ Rì

Màmá mi àtàtà,

Ẹ má wo Yorùbá mi o. Hausa ló ń yá lẹ́nu mi, mi ò sì padà sílé-ìwé látìgbà àìsàn yín. Mi ò rí ẹlòmíì sọ ọ́ fún ni.

Àǹtí Ṣadé ẹ̀gbọ́n mi bímọ, obìnrin, oṣù márùn-ún lẹ́yìn tẹ́ ẹ lọ. Gbogbo ilé pariwo pé Yétúndé dé, Màmá ti padà wá. Ọjọ́ yẹn lẹkún parí nílé wa ní Dogon Dutse. Bàbá yọ fọ́tò yín lára ògiri, wọ́n ní a kì í gbé fọ́tò òkú kọ́ fún ẹni tó ti wọlé. Ó dùn mí. Èmi ò tíì sunkún tèmi tán.

Lọ́jọ́ kejì, Mama Ladi ilé kejì wá dán omi ọmú Àǹtí wò bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó fún díẹ̀ sínú àwo, ó pọ́n rúsúrúsú, ó ju èèrà kan sí i. Bí èèrà bá jáde, omi ọmú dára; bó bá kú, ọmọ ò gbọdọ̀ mu ún. Èèrà yẹn ti ń wọ́ dé etí àwo. Mama Ladi yíjú kí Bàbá. Mo fìka tẹ̀ ẹ́ rì títí kò fi mira mọ́.

"Kai! Ó ti kú! Ó korò, wallahi. Ṣadé, má fún un o!"

Mo kàn fẹ́ kí nǹkan kan bàjẹ́ fún ọmọ yẹn ni.

Omi ṣúgà ni wọ́n ń fún un. Ọmú Àǹtí le bí òkúta, lẹ́yìn náà ó rọ̀. Àǹtí mu kunu, ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n ní ó ń mú omi ọmú wá, títí ó fi ń làágùn nínú ọyẹ́, ẹ̀kán kan ò jáde. Ọmọ náà ń gbẹ, kì í sì sunkún. Ibi tí mo bá rìn sí, ojú rẹ̀ ń bá mi lọ. Awọ ojú rẹ̀ wá hunjọ, ó jọ yín lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ kú.

Ẹ̀rù bà mí. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo sunkún títí wọ́n fi gbé e lọ sí kílíńíìkì.

"Èèrà?" Nọ́ọ̀sì pòṣé. "Ẹ jù ú sínú tíì, ṣé kò ní kú ni? Ẹ gbé ọmọ sáyà! Bó bá ṣe ń fà á ni á ṣe máa wá."

Wọ́n bọ́ aṣọ ọmọ, wọ́n gbé e lé Àǹtí láyà, ara sí ara. Ó ń fà á, ó ń sùn, ó tún ń fà á. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ọ̀fun rẹ̀ tó ń gbé e mì. Àǹtí bú sẹ́kún.

Mo bẹ̀rẹ̀ sétí ọmọ náà. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo pa èèrà yẹn.

Ó fi ọmú sílẹ̀. Ó kọjú sí mi, omi ọmú ń kán lẹ́nu rẹ̀, kò ṣẹ́jú.

"Kí lo sọ fún un? Ọmọ ọjọ́ mẹ́fà lò ń ṣe ẹ jọ̀ọ́ fún?"

Àǹtí ló bi mí. Màmá, ṣé ọ̀run lẹ ti gbọ́ mi, àbí lára ọmọ yẹn?

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì febi pa yín.