Lassissi, Ẹ̀rọ Ńlá Rẹ Ti Jí

Lassissi, ọmọ ìyá wa, ọdún mẹ́ta gbáko rèé tí o ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta tí a ò gbọ́ ìró bàtà rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò súfèé mọ́ nídìí kọ̀ǹpútà tí wọ́n tú palẹ̀. Ràdíyàtù ẹ̀gbọ́n rẹ ló di kálàmù mú, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ilé ṣe wà. Bàsìt ọmọ rẹ ti gba bac, ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀ẹ̀kejì ló tó rí i gbà, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ báyìí ní ilé ìtajà kan ní Marcory. Mubeenah ọmọ rẹ kékeré tí ìyá rẹ̀ ń pọ̀n nígbà tí o lọ ti wà ní CP1, kíláàsì àkọ́kọ́, Faransé ló sì fi ń bá wa jà. Ilé Songon ti ní òrùlé. Òjò ò wọ inú rẹ̀ mọ́, àfi yàrá tó kọjú sí ọ̀sà, tí a ò tíì rí fèrèsé fi sí. Tawakalitou ìyàwó rẹ wà, ara rẹ̀ le, ó ṣì ń ta aṣọ ní Adjamé.

Ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Siporex náà ò tì. Samira ọmọ rẹ ló wà níbẹ̀. A mọ̀ pé ọ́fíìsì lo fẹ́ kó lọ, ó sì lọ lóòótọ́, ó lo ọdún kan gbáko ní Plateau. Ìgbà tó padà dé, ó ní bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́hùn-ún, ẹnìkan ni wọ́n máa ń pè láti ìta, wọn kì í jẹ́ kí òun wo inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ìwé akọsílẹ̀ rẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni olùkọ́ rẹ̀. Inú wọn ló ti kọ́ pé carte mère, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, kì í mọ ohunkóhun fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Ohun tí a bá ti sọ fún un ló mọ̀: ọjọ́ wo la wà, aago mélòó ló lù, díìsì wo ni kó kọ́kọ́ lọ bá. Inú wọn náà ló ti rí òfin tí o fi bíìrò pupa fàlà sí nídìí, pé kí ènìyàn má yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wà sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Samira gba òfin yìí gbọ́ débi pé ìyá rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní tí wọ́n bá fa ọbẹ̀ lé e lọ́wọ́, yóò fi iyọ̀ sí i lónìí, yóò wá dúró di ọ̀la kó tó fi ata sí i.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà tí Samira ò fọwọ́ kàn, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá rẹ, èyí tó wà lábẹ́ fèrèsé. Ọjọ́ tí a sin ọ́ la yọ ọ́ kúrò nínú iná, tí a fi aṣọ funfun bò ó. A rò pé à ń tọ́jú rẹ̀ ni. Lassissi, àṣìṣe wa nìyẹn. A ò mọ̀ pé bátìrì pẹlẹbẹ kan wà lórí carte mère náà, tí kò tóbi ju bọ́tìnnì kóòtù lọ, òun ló ń bá ẹ̀rọ rántí ètò rẹ̀ nígbà tí iná ò bá sí. Bí ẹ̀rọ bá wà nínú iná, bátìrì á sinmi. Bí a bá yọ ọ́, bátìrì nìkan ni yóò máa ru ẹrù náà. Ọdún mẹ́ta ló fi dá rù ú lábẹ́ aṣọ funfun wa, títí ó fi kú.

Bóyá a ò bá má mọ̀ rárá, bí kì í bá ṣe ti òjò ọdún yìí. Omi wọ ilé àwọn ará wa ní àdúgbò méjì. Aṣọ gbẹ, bẹ́ẹ̀dì gbẹ, fọ́tò ò ṣeé sá. Gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà nílùú yìí ló sì mọ̀ pé kò sí fọ́tò àtijọ́ kan tí o ò tíì gbà wò, kí o dà á sínú ẹ̀rọ ńlá, kí o sì dá a padà fún ẹni tó ni ín. Bí wọ́n ṣe ń wá nìyẹn. Alájì Sàlàkọ́ ti Treichville ló kọ́kọ́ dé.

O mọ Alájì, kì í rojọ́. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó ní fọ́tò ìyá òun ti di ẹrẹ̀, kò sì sí òmíràn. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ìyá náà kú. Ó ní dókítà ti sọ fún òun pé ojú òsì ti lọ, ọ̀tún náà sì ti ń tẹ̀lé e, pé kí òun má ka oṣù púpọ̀. Ohun tó wá wí kò ju ìyẹn lọ. Ó fẹ́ rí ojú ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú tirẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n bá kírun tán, yóò wọ táàsì wá sí Siporex, yóò kí Samira, yóò jókòó díẹ̀, yóò sì lọ. Kò bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Àìbèèrè yẹn ló ń dun Samira jù.

Ló bá ká aṣọ funfun kúrò, ó nu eruku, ó fi ẹ̀rọ sínú iná. Fáànù yí. Kí ohunkóhun tó hàn, ojú ẹ̀rọ bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ọ̀rọ̀ àṣírí tí o fi tì í, lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ orúkọ Mubeenah, kò gbà. Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀, kò gbà. Ó tẹ Tawa, bí o ṣe máa ń pe ìyàwó rẹ, kò gbà, ẹ̀rọ sì dákẹ́ gbári. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló máa ń gbà, lẹ́yìn náà kí a pa á, kí a tún un tàn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń pa á tí ó ń tún un tàn. Ó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́, ó tẹ ọjọ́ ìbí gbogbo wa, títí kan ọdún tí o ra ilẹ̀ Songon.

Ó ránṣẹ́ sí Moufoutaou, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Adjamé. O ò ní gbàgbé bó ṣe máa ń kánjú. Kò jókòó tó fi tú ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ yọ bátìrì pẹlẹbẹ yẹn, ó ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí ò gbàgbé. Ó ní àwọn tó ṣe é ti lọ fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ síbòmíràn lórí carte mère. Ó wá yọ ọ̀kan nínú díìsì méjèèjì, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà yẹn ní kò sí nǹkan kan lórí díìsì, ó bèèrè bóyá kí òun pa á rẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

“Ma fille, òfìfo ni,” ni Moufoutaou wí. “Jẹ́ n fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ̀rọ tó dára báyìí lè wúlò.”

Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí oui, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni. Samira ò tíì gbó àgbà lẹ́nu rí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́, ó bo ọwọ́ Moufoutaou mọ́lẹ̀.

“Tonton, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.”

Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé akọsílẹ̀ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ẹ̀kẹta ló ti rí i. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé díìsì méjèèjì tó wà nínú ẹ̀rọ ńlá jọ ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, pé ìdajì fọ́tò kọ̀ọ̀kan wà lórí ọ̀kan, ìdajì kejì wà lórí èkejì, àti pé ẹni tó bá mú ọ̀kan dání kò ní rí nǹkan kan. Moufoutaou kà á, ó gbọn orí. Ó ní eré àsápajúdé rẹ náà nìyẹn, pé nítorí kí nǹkan lè yára lo ṣe pín fọ́tò ènìyàn sí méjì, tí o ò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Lassissi, ó tọ̀nà. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ nínú wọn, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Samira ò jà fún ọ níbẹ̀. Ó kàn dá díìsì padà sí ojú ihò tí wọ́n ti yọ ọ́ gan-an ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ aṣínà.

Ọ̀sán Sátidé ni Tawakalitou gbé oúnjẹ attiéké wá fún ọmọ rẹ̀. O mọ̀ pé ìyàwó rẹ ò kàwé. Ó dúró lẹ́yìn Samira, ó ń wò ó bó ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ tí kò wọlé. Ó wá bi í pé irú clavier wo ló fi ń tẹ lẹ́tà yẹn, kì í ṣe ti bàbá wọn. Òótọ́ ni. Tìrẹ ti mu tíì, ó ti kú. Èyí tó wà nílẹ̀, Lagos ni Yessoufou ará wa ti rà á bọ̀, ètò ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà lórí rẹ̀. Ìyàwó rẹ sọ abọ́ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró.

“Jẹ́ n fi ìka bà á,” ló wí.

Ó tẹ ọ̀kan láàárín, ní ìlà òkè. Ó tẹ èyí tó wà ní igun òkè lọ́wọ́ òsì. Ó sọ̀kalẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀, ó tún padà sí igun òkè. Samira wo lẹ́tà tó wà níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú wọn. Ó fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ̀rọ yí padà sí búlúù.

Tawa ló wà níbẹ̀, Lassissi. Láti ìbẹ̀rẹ̀, Tawa ni. Nígbà tí ẹ̀rọ ò tíì jí tán, kò mọ̀ pé Faransé ni wọ́n kọ sórí clavier tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí ìka bọ́ sí nìkan ló mọ̀. Samira tẹ orúkọ náà bó ṣe rí i lórí clavier Lagos, ìka rẹ̀ sì ń bọ́ síbòmíràn, nítorí ibi tí àwọn Faransé fi A àti W sí kọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wọ́n sí. Ìyá rẹ̀ ò mọ lẹ́tà, ibẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ó ní o máa ń di ìka òun mú tẹ̀ ẹ́ nígbà tí òun bá gbé oúnjẹ wá, o máa ń sọ pé òun nìkan ni ẹ̀rọ yẹn ń dá lóhùn. Ó ní eré lòun pè é. Ó jókòó sórí àga.

Samira mú bíìrò. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan lójú ewé búlúù yẹn, níbi tí wọ́n ti ń ṣètò carte mère, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010. Ó pa ẹ̀rọ, ó fi bátìrì tuntun sí i, ìyá rẹ̀ tún tẹ orúkọ ara rẹ̀. Samira tún ọjọ́ àti aago ṣe, ó fi pamọ́. Ẹ̀rọ ní òun ò rí díìsì tí òun lè jí sí. Nǹkan kan ṣoṣo ló tíì yí padà, ó mọ ibi tó kù. Ìyá rẹ̀ tún tẹ orúkọ. Samira wá ìlà tó ń sọ bí díìsì yóò ṣe ṣiṣẹ́. Bátìrì tó kú ti jẹ́ kó padà sí bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, olúkúlùkù ń dá ṣe tirẹ̀. Ó yí i sí pé kí méjèèjì di ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún carte mère pé ọ̀dọ̀ wọn ni kó kọ́kọ́ lọ. Ó fi pamọ́, ó sì dúró.

Ó jí, Lassissi. Fọ́tò irínwó ó lé méjìlá ló wà nínú rẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ín sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Samira ò wò wọ́n. Ó kọ́kọ́ dà gbogbo wọn sórí díìsì mìíràn, ó tún dà wọ́n sórí ẹ̀kẹta, kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni súnmọ́ ibẹ̀. Moufoutaou rín ẹ̀rín, ó ní ọmọ yìí gbọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ. A mọ̀ pé o ò ní bínú sí i.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Alájì Sàlàkọ́ dé bó ṣe máa ń dé. Samira dìde kí i. Ó fa àga súnmọ́ ojú ẹ̀rọ, ó jẹ́ kí fọ́tò náà kún ojú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ní Treichville, ó fi ọwọ́ kan di ọmọkùnrin kékeré kan mú léjìká. Alájì gbé ojú ọ̀tún rẹ̀ súnmọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn oníbàárà méjì wọlé, wọ́n rí i, wọ́n sì dúró dè é.

“Ó ga ju bí mo ṣe rò lọ,” ló wí.

Ó ṣe àdúrà fún ọ, ó dá orúkọ rẹ àti ti bàbá wa pọ̀, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì ṣe àmín. Ìdílé mọ́kànlá ló ti wá gba fọ́tò tiwọn lẹ́yìn rẹ̀.

Samira ti mọ ìlà tí wọ́n ti ń yọ ọ̀rọ̀ aṣínà kúrò báyìí. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò ní gba ìṣẹ́jú kan, kí ẹ̀rọ má dí ẹnikẹ́ni lọ́nà mọ́. Tawakalitou ní kó fi í sílẹ̀. Láàárọ̀, kó tó kọjá sí Adjamé, ó máa ń kọ́kọ́ yà ní Siporex, á gbé ẹrù aṣọ rẹ̀ kalẹ̀, á na ìka síbi mẹ́rin yẹn, á dúró títí ẹ̀rọ yóò fi jí. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ẹrù rẹ̀ wọ ọkọ̀ gbàkà.

Lassissi, ọdún mẹ́ta ò dín ìfẹ́ wa sí ọ kù. Ìyàwó rẹ fẹ́ràn rẹ. Àwọn ọmọ rẹ fẹ́ràn rẹ. Àwa tí a jọ mu ọmú kan náà fẹ́ràn rẹ. Kí Ọlọ́run tan ìmọ́lẹ̀ sí ibùsùn rẹ, kó sì tọ́jú rẹ dè wá.