Àna tí Mo Fi Ojú Yàn ní Téṣàn

Shuning ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Guangzhou tí wọ́n ní kì í tán kódà nínú oṣù kọkànlá. A ò ní gbọ́ ibi nípa rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ níbi tí gbogbo ayé ti ń sáré. Ara èmi àti ìyá rẹ le, orúnkún mi ọ̀tún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu bí yìnyín bá fẹ́ já. A ti hú àlùbọ́sà eléwé tán lóko, tọdún yìí ga dé èjìká ìyá rẹ, àwọn tó wá rà á sì yìn ín lójú mi. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe àlùbọ́sà lo ń wá nínú lẹ́tà yìí. O ní kí n sọ bóyá mo gbà kí o fẹ́ Weitang tàbí n ò gbà, kí n sì sọ ọ́ kí ọdún tuntun tó dé. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe lọ máa wo ìsàlẹ̀ ìwé ná, torí mo mọ ìwà rẹ, kà á bí mo ṣe tò ó. Mo fi ìyẹ̀fun pípò lẹ̀ ẹ́ pa, mo sì fi rán Weitang fúnra rẹ̀, torí tẹlifóònù ò ṣe é sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Gbogbo ohun tí a bá sọ sínú rẹ̀ ló ń gba ara òpó orí òkè kọjá, ọmọ Kou ló ń ṣọ́ òpó náà, ẹnu ọmọ Kou kì í sì í dúró. Weitang á ti ròyìn fún ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, á ti yọ ibi tí mo ti ṣe bí òmùgọ̀ kúrò. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kọ.

Fọ́tò ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. O fi fọ́tò ránṣẹ́, o ní ọmọ Guangdong ní gúúsù níbẹ̀ ni Weitang, ẹ̀yin méjèèjì jókòó sídìí oúnjẹ, ọmọkùnrin náà funfun báláú, àgbọ̀n rẹ̀ ṣe ṣónṣó. Mo gbé e fún Bàbá Shang tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa tírélà kiri gbogbo ilẹ̀ China, tó máa ń sọ pé kí èèyàn ṣáà gba iwájú òun kọjá, òun á sọ ibi tí wọ́n ti bí i. Ó ní ará ìlà-oòrùn àríwá ló ń ga gàgàrà, tó ń wọ kóòtù onírun, tí ẹ̀wọ̀n wúrà ọrùn rẹ̀ ń nípọn tó okùn màlúù. Ó ní ọkùnrin Shanghai ló ń fi òróró sí irun, tó sì ń bá ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì. Ó ní àwọn obìnrin Sichuan ló mọ́ lára jù torí oòrùn kì í rí wọn, ìyá rẹ tí wọ́n bí ní Sichuan gbọ́ èyí, ó bu tíì kún ife rẹ̀. Ará Guangdong ní tirẹ̀, ó ní ó kúrú, ó dúdú, iwájú orí rẹ̀ yọ síta, ojú rẹ̀ wọnú, sílípáàsì ló ń wọ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, bó bá sì lówó, kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé tó fi ń háyà ló ń so mọ́ ìdí. Ó ní ẹni inú fọ́tò yìí kì í ṣe ará Guangdong, àfi kí Shuning máa parọ́.

Èmi ò gbà pé o parọ́. Mo mọ̀ pé fóònù ni. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ kó èédú tán, mo ní kó dúró, mo ya fọ́tò rẹ̀, ojú rẹ̀ sì jáde bí ẹni tó ṣubú sínú àpò ìyẹ̀fun. Mo ya ara mi, àpá dòjé tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi látìgbà ọmọdé pòórá. Ó wá yé mi pé inú fóònù yẹn ni wọ́n ń kó àtíkè sí láti ilé iṣẹ́. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀: bí ìyá rẹ tí kò dúdú bá funfun tó yìí, tí Weitang náà kàn funfun bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé Weitang fúnra rẹ̀ á dúdú ju bí Bàbá Shang ṣe wí lọ. O kọ ọ́ pé ó ga. Mo ní obìnrin tó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin ló ń wí, àti pé ẹni tó ga láàárín àwọn ará ibẹ̀ lè má kọjá èjìká mi.

Ìyá rẹ ní tirẹ̀ ti kó owú tuntun jáde, ó fẹ́ rán kúbùsù ìyàwó. Mo ní èmi ò tíì gbà, n ò tíì fojú mi rí ọkùnrin náà, kí ló ń kánjú sí? Ó ní òun á rán an. Mo ní bó bá ṣe pé á rán an náà, kó gé e ní ìwọ̀n ará gúúsù, kó má fi owú ṣòfò. Ó gé e bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí Weitang ń bọ̀ wá kí wa pé, mo gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí téṣàn ọkọ̀ ojú irin. O ti ní kí n kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí kí n gbé e sókè. N ò kọ nǹkan kan, ojú mi tó mi. Mo sì pa fóònù, mo fi ìbọ̀sẹ̀ onírun méjì wé e sínú àpò, torí òtútù máa ń fa èémí rẹ̀ tán. Ní téṣàn, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ kan síbi ilẹ̀kùn, bí èèyàn bá kọjú sí i, ilẹ̀kùn á ṣí. Mo bẹ ọmọbìnrin tó dúró tì í pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti mojú, kó jọ̀ọ́, kó ya ará Guangdong sọ́tọ̀ fún mi. Ó ní ẹ̀rọ náà ò mọ ìlú ẹnikẹ́ni, ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni bóyá ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ni ẹni inú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Mo ní ó mà ṣe o, Bàbá Shang mọ̀ jù ú lọ.

Àwọn èèyàn wá ń tú jáde, wọ́n pọ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ga jù mí lọ. Ọkùnrin gíga kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú kóòtù olówùú aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà téṣàn, òun náà ń wá ẹnìkan. Mo rí gíga rẹ̀, mo ní ará ìlà-oòrùn àríwá nìyí, kò sí àní-àní. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi fi gíga rẹ̀ wòkè orí wọn, pé ọkọ ọmọ mi ni mò ń wá, ará gúúsù kúkúrú, ó dúdú, ojú rẹ̀ wọnú, á wọ sílípáàsì. Ó fọkàn wá a. Kò pẹ́ tó fi nawọ́, ó ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe èyí tó wọ sílípáàsì yẹn?" Òun ni lóòótọ́! Ó dúdú, ó kúrú, kọ́kọ́rọ́ ń rọ́ wọnwọn nídìí rẹ̀. Mo bi í bóyá Guangdong ló ti ń bọ̀, ó ní ibẹ̀ ni. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sílé. Ọkùnrin gíga yẹn ló bá wa gbé àpò onísílípáàsì náà dé ìdí kẹ̀kẹ́, mo sì súre fún un pé kí òun náà rí èèyàn tirẹ̀.

Núdù la fi ń pàdé àlejò, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ sì ti sè é sílẹ̀. Ọkùnrin náà jẹ abọ́ méjì, ó sì fi aáyù tútù mẹ́jọ tì í. Mo wo ìyá rẹ, mo ní ṣé o rí i, Shuning ti sọ ọ́ di ọmọ wa. Ó ń sọ èdè abúlé wa láìkọsẹ̀, mo tún ní Shuning mọ èèyàn kọ́. N ò bi í lórúkọ, ta ló ń bi àna rẹ̀ lórúkọ? Mo wá tún ohùn mi ṣe, mo ní ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi, pé bó bá mú ọmọ mi lọ sí ọ̀nà jíjìn yẹn, ṣé á máa mú un wá kí wa. Ó fi igi ìjẹun lélẹ̀, ó wò mí títí. Ó ní, "Bàbá, èmi ti níyàwó o, mo sì ti bímọ méjì."

Igi tí a fi ń tẹ ìyẹ̀fun ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́, Ọlọ́run ọ̀run ló yọ ọ́, ìyá rẹ sì dì mí mú. Diao Changgui lorúkọ rẹ̀, ọmọ abúlé tó wà lẹ́yìn odò wa yìí, ó ti fi ọdún mọ́kànlá ṣe wẹ́dà nínú oòrùn Guangdong, kọ́kọ́rọ́ àpótí irinṣẹ́ ló sì wà nídìí rẹ̀. Ó ní òun rò pé ìjọba ló rán àwọn àgbà wá pàdé àwọn tó ti ìdálẹ̀ dé, kí wọ́n fún wọn lóúnjẹ, òun sì ń rò ó pé ìjọba gbìyànjú lọ́dún yìí.

Bí mo ṣe padà sí téṣàn, n ò lè sọ. Wákàtí mẹ́ta ti lọ. Kò ku ẹnìkan níbẹ̀ àfi ọkùnrin gíga yẹn, ó jókòó lórí àpò rẹ̀ nínú bàtà pẹlẹbẹ, ètè rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Mo ní ṣé wọn ò tíì wá pàdé rẹ ni? Ó ní rárá, pé ṣé ọkọ ọmọ mi délé láyọ̀? Mo ní kì í ṣe tèmi. Mo tú fóònù kúrò nínú ìbọ̀sẹ̀, mo tan án, mo tẹ nọ́ńbà Weitang tí o kọ fún mi sára ìwé, fóònù sì ń dún nínú àpò kóòtù aláwọ̀ ewé níwájú mi.

Ó yọ ọ́ jáde, ó wò ó, ó wò mí. Ojú tì mí, Shuning, ojú tì mí gan-an. Ó ní kí n dárí ji òun, pé nígbà tí mo ń júwe àna mi, ṣe ni òun ń káàánú mi, kò sọ sí òun lọ́kàn pé òun ni. Ó ní òun náà ń wá òmìrán ni, torí ní ìlú wọn, wọ́n gbà pé kò sí ọkùnrin Shandong tiwa níbí tí kì í forí kan òkè ilẹ̀kùn, fọ́tò mi tí o sì fi han òun, kò sí àpá lójú ẹni inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ létí mi, ṣùgbọ́n èmi ni mo kúrú jù nínú gbogbo ọkùnrin abúlé yìí. Ẹ̀rọ ojú ilẹ̀kùn yẹn gbọ́n jù èmi àti Bàbá Shang lọ.

Ó lo ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú wa. Ó kọ́kọ́ fi tíì gbígbóná ṣan abọ́ kó tó jẹun, ìyá rẹ rò pé ó ń pe abọ́ òun ní abọ́ ẹlẹ́gbin, àfi ìgbà tó ṣan tiwa náà fún wa. Kò lè jẹ aáyù tútù, ó gbìyànjú, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé kóòtù kan náà wọ̀, ó bá mi kó èédú. Mo bi í ní ìbéèrè tí mo bi Changgui, ó ní ọdọọdún ni òun á máa mú ọ wá, bí òun ò bá sì mú ọ wá, kí n wá mú ọ fúnra mi, ilé bàbá òun létí adágún ẹja ní yàrá fún wa. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní ló dùbúlẹ̀ sórí kang, ibùsùn alámọ̀ tí a ń dáná sábẹ́ rẹ̀, a fi kúbùsù tuntun bò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ síta láti orúnkún.

Ìyá rẹ dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ yẹn. O mọ kúbùsù tí èmi àti ẹ̀ ń bò, tí a máa ń ká ìsàlẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀. Ó ní, "Nígbà tí wọ́n sọ fún ìyá mi ní Sichuan pé ará Shandong ló fẹ́ fẹ́ mi, òmìrán ló rán kúbùsù fún. Ìwọ lo wá dé. Bàbá mi wò ọ́ lókè, ó wò ọ́ nísàlẹ̀, ó sì fi mí fún ọ." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti gé ìsàlẹ̀ kúbùsù wa tí a ti ń ká fún ọgbọ̀n ọdún, owú ibẹ̀ ṣì funfun bí ọjọ́ tí wọ́n dì í, ó sì rán an mọ́ ti Weitang. Ó dé e lẹ́sẹ̀ báyìí.

Èsì mi nìyẹn. Mo gbà.

Ṣùgbọ́n méjì méjì ni kúbùsù ìyàwó ń rìn, ìkejì ṣì kúrú, a ò sì ní ìsàlẹ̀ mìíràn láti gé. Fi igba yuan ránṣẹ́ ká fi ra owú. Má fi sínú fóònù o. Àpòòwé pupa tí o fi owó ọdún sí, tí o fi ránṣẹ́ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo tọ́jú rẹ̀ láìṣí i títí di ọjọ́ ọdún, ìgbà tí mo máa ṣí i, ó ti padà sọ́dọ̀ rẹ. Fún ẹni tó ń bọ̀ nílé, tàbí kí Weitang mú un wá. A ti fún un ní jiaozi jẹ láàárọ̀ yìí, ìyẹ̀fun tí a di ẹran sínú rẹ̀, torí òun la fi ń sin ẹni tó ń lọ, núdù á máa dúró dè é nígbà tó bá ń bọ̀.

Ilé tí ẹ fẹ́ kọ́ á tutù fún yín. Ẹ ó dàgbà pọ̀, ẹ ó fọwọ́ sọ́mọ. Bí ọmọ náà bá ga, bó bá kúrú, bó bá funfun, bó bá dúdú, ẹ ṣáà gbé e wá, ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ojú mi ni mo fẹ́ fi rí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Luan Dezhou

Ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé ẹsẹ̀ kọ́kọ́ tutù wá lálẹ́ àná, ṣùgbọ́n ó ti ń mọ́ wa lára.